Bẹ́líìtì Tí Bàbá Mi Hun

Ọdún tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára ìyá mi ni mo ra baṣé. Baṣé ni àwa ń pe ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí a fi ń kó iṣu àti èédú lọ sí ọjà. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akparé, mo sì ń dá oko iṣu díẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ilẹ̀kùn kan kì í ṣí láti inú, fèrèsé kan kì í gòkè tán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ó sì ń gun òkè Atakpamé láì ráhùn. Èmi ò béèrè ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti bẹ́líìtì ìjókòó, mi ò tilẹ̀ wò ó nígbà tí mo ń rà á. Ta ló ń wo bẹ́líìtì? Ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí jàndáámù, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ni à ń so ó. Bí a bá ti rí igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, oníkálukú á fa bẹ́líìtì kọjá àyà, á fi ọwọ́ dì í mú lẹ́bàá ìtàn bí ẹni tó ti ki irin rẹ̀ bọlé, á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí aláṣẹ, á kí i ní Faransé. Bí a bá ti kọjá tán, fìrì, a ti jù ú sílẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ọgbọ́n tó wà lórí mi nígbà yẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ní Lomé. Wọ́n gé ọmú ọ̀tún kúrò. Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n kúrú, wọ́n sì fẹ́ràn àwàdà. Ọjọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ dé, tí gbogbo ilé ń sunkún, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin tí mo fún lọ́mú ti hu irùngbọ̀n, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ yàrá lọ láti pààrọ̀ aṣọ, wọ́n pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jáde, kò sì sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ló ti di dandan kí n máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè bá wọn wẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Apá ọ̀tún mi ni wọ́n ń jókòó sí nínú baṣé. Bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ yẹn ń ti èjìká ọ̀tún wá, ó ń gba orí àyà ọ̀tún, ó ń lọ sí ìbàdí òsì. Ṣé ẹ rí i? Ojú ọgbẹ́ gan-an ló gbà kọjá. Ó sì gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn, etí rẹ̀ mú. Nítorí pé ìyá mi kúrú, ó tún ń há wọn lọ́rùn. Bí a bá fà á jáde, kì í padà sílé rẹ̀ mọ́, ńṣe ló máa ń kó jọ sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì, kò ní di ẹnikẹ́ni mú, á kàn máa tẹ̀ lé èèyàn lọ síwájú. Ó rọ̀ níbi tó yẹ kó ti le, ó le níbi tó yẹ kó ti rọ̀.

Ní ìrìnàjò àkọ́kọ́, ìyá mi fi ọwọ́ gbé bẹ́líìtì náà kúrò lára láti Akparé títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Rárá o. Mo kàn ń bá a ṣeré ni." Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ pé mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀, màá sunkún.

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ọgbẹ́ wọn ló kọ́kọ́ bá mi wí. Obìnrin náà ò kéré lẹ́nu. Ó rí ibi tí bẹ́líìtì ti ha wọ́n pupa, ó pè mí wọlé, ó ní, "Mùsíyé," bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà ní ọ̀dọ̀ wa, "kí lèyí? Ẹ ń fi ọkọ̀ yín bó àwọ̀ ìyá yín." Mo ní kí wọ́n má so ó mọ́ nìyẹn. Ó kígbe mọ́ mi. Ó ní bí mo bá gbé wọn láì so bẹ́líìtì, kí n má gbé wọn wá mọ́. Ó ní, "Àyà yìí ò gbọdọ̀ kọ lu nǹkan kan. Gbogbo inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ẹ wá bẹ́líìtì tó máa dì wọ́n mú, tí kò sì ní ha wọ́n." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà sílé, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ní Sátidé, mo gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èmi kì í gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì bí ọ̀ràn ò bá tíì dójú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́: "Mùsíyé, ìwé kọ́ lèyí o!" Ara mi ò gbà á. Mo ní sípánà, mo ní sùúrù díẹ̀, agídí ni mo ní jù.

Mo kọ́kọ́ wo ihò tí a ń ki irin bẹ́líìtì bọ̀. Ó yẹ kó máa dún pọ́ bí irin bá ti wọlé, kì í dún. Mo fi abẹ́rẹ́ gún inú rẹ̀, èèpo ẹ̀pà méjì jáde pẹ̀lú erùpẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, ó dún pọ́, inú mi dùn. Mo tú ike tó bo ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí ilé tí bẹ́líìtì ń ká sí. Háà! Eruku inú rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn lè gbin ilá sí i. Mo nù ún, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, mo rí i pé àwọn eyín irin inú rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, ìdọ̀tí ló dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo fà á lójijì, ó dì gbágbá. Mo pariwo kí ìyàwó mi wá wò ó. Mo tún tú irin tó gbé e kọ́ sí èjìká, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ihò ìsàlẹ̀ kó má baà há ìyá mi lọ́rùn mọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí, mo ṣe é dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo fi ọṣẹ fọ bẹ́líìtì náà fúnra rẹ̀ ni mo tó rí ohun tí ìdọ̀tí bò mọ́lẹ̀. Eku ti jẹ ẹ́. Mo máa ń jẹ́ kí iṣu sun inú ọkọ̀ bí ọjà Moretan bá ku ọ̀la, eku sì ti bá mi ṣe ọdún níbẹ̀. Ní ibi méjì, bẹ́líìtì náà kò kù ju ìdajì ìbú rẹ̀ lọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Atakpamé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Wọ́n ní irú rẹ̀ ò sí nílẹ̀, kí n ní sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì, wọn á bá mi mú un wá láti Lomé. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nọ́ọ̀sì ń retí wa. Mo ní kí wọ́n mú un wá, mo padà sílé, mo ń bínú sí gbogbo ayé.

Bàbá mi ló dá sí i. Ahunṣọ ni wọ́n. Òfì wọn wà lábẹ́ ìbòji ẹ̀yìn ilé, láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó la ojú. Wọ́n rọra rìn wá sídìí ọkọ̀, wọ́n mú bẹ́líìtì náà sáàárín ìka, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n yínmú.

"Ta ló hun èyí?"

Mo ní ẹ̀rọ ni, Bàbá.

"Ó hàn. Aṣọ tó gan báyìí, ṣé ara aláìsàn ló yẹ? Èmi á hun ọ̀já fún ìyá rẹ."

Ọ̀já, èyí tí àwọn ìyá fi ń de ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, láti ìgbà tí ìyá mi ti Lomé dé, bàbá mi ò rí nǹkan kan ṣe fún wọn. Èmi ń wakọ̀, ìyàwó mi ń se oúnjẹ, nọ́ọ̀sì ń wẹ ọgbẹ́. Bàbá mi kàn ń jókòó ti ìyàwó wọn ni, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ojú wọn tún ń dán.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi hun ún. Òwú dúdú ni wọ́n lò, kí jàndáámù má baà mọ ìyàtọ̀, wọ́n ká òwú náà ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n fi ọwọ́ líle hun ún. Ìyá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ní kí bàbá mi fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí etí rẹ̀, "kí n lè mọ̀ pé tèmi ni." Bàbá mi ní, "Ìwọ àti oge!" wọ́n sì fi ìlà funfun sí i. Nígbà tó parí, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n ní kí n bá àwọn rọ̀ mọ́ ọn. Àgbàlagbà, èmi àti bàbá mi, a rọ̀ dirodiro sórí igi bí ọmọdé. Kò já. Kò tilẹ̀ fà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ di ojú ọgbẹ́.

Ó wá ku kí a rán an mọ́ ti àtijọ́. Mo gé ibi tí eku jẹ dànù, mo fi ọ̀já bàbá mi dí àlàfo náà: orí kan níbi èjìká, orí kejì lẹ́bàá irin tí a ń kì bọlé. Aránṣọ ni ìyàwó mi. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láti rán an fúnra mi. Ó wo òwú búlúù tó wà lórí ẹ̀rọ, ó ní fún mi pé, "Bàbá wọn, òwú bùbá lèyí o. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, kó fi òwú bàtà gún un fún yín."

Mo ní, "Ṣé aránbàtà ló máa wá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan?"

Ó ní, "Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Mo ní, "O ti sọ ọ́, mo sì ti gbọ́." Mo tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo rán an lọ rán an bọ̀. Ní ojú tèmi, ó ti tó, ó tilẹ̀ ti pọ̀jù. Aránbàtà náà ò jìnnà sí wa ju ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ọ̀já náà dára, mi ò lè purọ́. Ó rọ̀ mọ́ ìyá mi lára, kò ha wọ́n, kò gún wọn. Lóòótọ́, kò lè ká wọ ilé rẹ̀ mọ́ nítorí ibi tí mo ti rán an, ṣùgbọ́n mo ti wọ̀n ọ́n mọ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì náà wò ó, ó ní ara ọgbẹ́ ti ń jinná, ó sì kí mi pé mo kú iṣẹ́. Àtìgbà náà ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ọ̀nà. Wọ́n á máa fi ìka tẹ̀ lé ìlà funfun yẹn sókè sódò, wọ́n á máa sọ ìtàn ìgbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí pẹ̀lú ẹrù ẹ̀wà lórí. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ jàndáámù, wọ́n á nà án sókè díẹ̀ kó lè rí i, wọ́n á ní, "Mo so ó o, ọmọ mi!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a fi lọ tí a fi bọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tí mo ní kó bá mi mú bẹ́líìtì wá láti Lomé ránṣẹ́ pé ó ti dé. Mo ní kó bá mi gbé e pamọ́ ná. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìyá mi ti ní tiwọn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni. A ti kọjá ìyànà Kamina, à ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú, mi ò sáré. Ọlọ́kadà kan tó di pákó sẹ́yìn já wọ títì láti ẹ̀gbẹ́ láì wo ọ̀tún, láì wo òsì. Mo tẹ bíréèkì, mo yí ọwọ́ ọkọ̀, imú ọkọ̀ sì lọ gún òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò le. Mo fi ohun gbogbo búra, kò le. Iná iwájú kan lásán ló fọ́. Bẹ́líìtì tèmi dì mí mú. Mo gbọ́ ìró kan lápá ọ̀tún mi, fààà, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń tú aṣọ tó rán kù. Ìyá mi ti fi àyà gún iwájú ọkọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Ọlọ́kadà yẹn ńkọ́?" Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní, "Kò ṣe èmi náà ní nǹkan kan. Má pariwo." Ọwọ́ wọn wà ní àyà. Mo wo ọ̀já náà lórí ẹsẹ̀ wọn. Kò já níbì kankan. Gbogbo ìhunṣọ bàbá mi pé pérépéré. Orí ti èjìká, ibi tí èmi rán, ló tú sílẹ̀, òwú búlúù mi sì ń jó nínú atẹ́gùn. Ìyá mi rí i pé mo rí i. Wọ́n ká ọ̀já náà wérewére, wọ́n yọ irin rẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀, wọ́n ní kí n gé ìyókù. Ọ̀bẹ iṣu ni mo fi gé e. Wọ́n ní, "Gbé e pamọ́. Bàbá rẹ ò gbọdọ̀ rí i."

Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú àyà wọn. Ohun tí dókítà sọ nìyẹn nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ya fọ́tò àyà wọn tán. Wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀. Bàbá mi dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ ìyàwó wọn mú. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ dókítà. Wọ́n ní, "Ọ̀já mi ńkọ́? Ṣé ó dúró?"

Ìyá mi kò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ó dúró gbágbágbá. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó ga, ìyá mi kú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìsìnkú. A sin wọ́n sí Akparé, àlùfáà sọ̀rọ̀ dáadáa, èrò pọ̀. Ohun tí mo rántí ni bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn. "Ọ̀já tí mo hun ló dì í mú. Ká ní ó já ni, ojú títì níbẹ̀ ni ì bá kú sí. Ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta, a ráyè bá ara wa sọ̀rọ̀." Àwọn èèyàn á ní, "Ọwọ́ yín ò ní rọ, Bàbá." Wọ́n á ní àṣẹ. Èmi ni mo ń gbé omi fún àlejò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, màá gba ẹ̀yìn ilé lọ, màá ṣe bí ẹni tó ń wá ife.

Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí bàbá mi ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ ni. Bí mo bá sọ pé ọ̀já tú, wọ́n á béèrè ibi tó ti tú.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyàwó mi lóyún, ẹ̀kẹta wa. Mo ti lọ gba bẹ́líìtì Lomé nígbà náà, mo ti dè é mọ́ ọkọ̀, aránbàtà tilẹ̀ bá mi rán tìmùtìmù kékeré mọ́ ibi ọrùn. Ọjọ́ kan mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo gbọ́ ìró òfì. Láti ìgbà ìsìnkú, bàbá mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Mo lọ wò wọ́n. Òwú dúdú ni wọ́n ta sórí rẹ̀, wọ́n sì ti fi funfun sí etí.

"Ti ìyàwó rẹ ni," ni wọ́n wí. "Ikùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọ lu nǹkan. Èyí tí o rà ní Lomé yẹn, mo ti fọwọ́ kàn án. Ó gan."

Mo wọlé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó gbé àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá wọn, mi ò ní so ó. Mi ò sì lè fi ẹnu mi sọ fún bàbá yín pé mi ò fẹ́ nǹkan tí wọ́n hun fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún wọn. Bí ó bá di Sátidé tí ẹ ò sọ, èmi á sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni màá sọ."

Ó ti rí ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìjàm̀bá náà, kò tíì fi ọ̀rọ̀ òwú bùbá kàn mí lójú rí. Ọjọ́ yẹn náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn sọ pé gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo lọ. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, mo ń wo ẹsẹ̀ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ọ̀já ìyá mi ò dúró."

Ẹsẹ̀ wọn dúró.

"Ó ti ẹnu ìyá rẹ jáde pé ó dúró."

"Nítorí yín ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí òfì. "Lọ mú un wá."

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi ló wà. Mo mú un wá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kọjá láàárín ìka, láti orí kan, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ aṣọ wò kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà. Wọ́n dé orí kejì. Ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ìlà mẹ́fà, òwú búlúù díẹ̀ ṣì há sínú wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀ lọ, wọ́n pa á bọ̀. Wọ́n wá wé ọ̀já náà mọ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára wọn. Iṣan ọrùn wọn yọ. Kò já.

Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi. Mo ti kọ́ ọ sórí láti ilé: ọwọ́ mi ni, Bàbá, èmi ni mo fi òwú tí kò dáa rán an, wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo la ẹnu. Bàbá mi ò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Òwú tí mo fi hun ún ni. Ó ti pẹ́ nílé, ó ti gbó. Ó yẹ kí n mọ̀."

Ìyàwó mi ti dé ẹ̀yìn wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Bàbá mi yíjú sí i kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyàwó mi, má bínú. Mi ò ní lè hun tìrẹ mọ́. Òwú mi ló pa ìyá yín."

Ìyàwó mi wò mí. Ó dúró, ó ń retí mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ lásìkò yẹn, ó ṣì bójú mu. Mo wo ilẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀, ó pòṣé díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó wọlé lọ. Kò sọ ọ́ ní Sátidé. Kò sọ ọ́ títí di òní.

Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé ọ̀já náà dúró ni wọ́n tún padà sọ fún pé ó já, pé òwú wọn ló gbó. Wọ́n sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin kan tó wá béèrè aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kó wá ahunṣọ mìíràn. Aṣọ wọn tí àwọn èèyàn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó bí mi, tí kò ya rí! Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń jẹun, mo ń sùn, mo ń lọ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tú òfì náà palẹ̀, kó má baà máa gba ààyè. Mo bá wọn tú u. Mo hú àwọn igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró tì mí, wọ́n sì ń sọ fún mi pé kí n rọra, kí n má lọ fi ọwọ́ gún nǹkan.